Ọ̀nà Ọ̀fun Tí Gbogbo Ilé Fẹ́ Wò Sàn

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé nínú ìlú Jọ́ọ̀sì yìí, tí ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Ìyá Àgbà lónìí kò tíì sí láyé, tí àwọn tó bí yín pàápàá kò tíì sí, ọ̀nà ọ̀fun dùn mí nígbà ọyẹ́ kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jókòó sọ ìtàn rẹ̀. Ọ̀fun gbogbo yín náà máa ń dùn yín bí ọyẹ́ bá dé, ẹ ó mu nǹkan gbígbóná, ẹ ó ra oògùn ní kẹ́mísì, yóò sì lọ. Tèmi kò lọ. Ó jókòó sí mi lọ́fun títí ọyẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí ojú mi rí lórí rẹ̀, bí mo bá rántí rẹ̀ títí di òní, ara mi á ṣe gìrì. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán ná.

Ìlọrin ni bàbá àti ìyá mi ti wá, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ta fìlà àti aṣọ òkè, ìyá mi ń ta àwo àti ìkòkò ní ọjà Terminus. Ilé ayálégbé ni a ń gbé, Yorùbá wà níbẹ̀, Háúsá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ìlú yìí gan-an náà wà níbẹ̀. Háúsá ni gbogbo wa fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, débi pé bí inú bá ń bí mi, Háúsá ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu.

Lọ́dún náà, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ní ilé kéwú ń múra sílẹ̀ fún wòlímọ̀, ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó bá ti ka Àlùkùránì já. Áàfà wa ti ní èmi ni màá kọ́kọ́ kà níwájú àwọn èrò, nítorí ohùn mi. Ohùn mi dára nígbà náà, n kò fi ń yangàn. Bí mo bá ń kéwú lówùúrọ̀, àwọn obìnrin tó ń fọṣọ nínú ọgbà máa ń dáwọ́ dúró kí wọ́n lè gbọ́. Ìyá mi ti rán aṣọ funfun fún mi, ó ti ra ìborùn tó máa ń dán bí oòrùn bá kàn án. Gbogbo ará ọjà tó bá a ní ìsọ̀ ló ti sọ fún. Òun fúnra rẹ̀ kò kéwú dé ibi kankan rí láyé rẹ̀, ẹ wá lè mọ ohun tí ọjọ́ náà jẹ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fun yìí bẹ̀rẹ̀ bí eré. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé itọ́ mì, ó dà bíi pé egungun ẹja há sí mi lọ́fun. Ìyá mi ní eruku ọyẹ́ ni. Ó bu omi gbígbóná fún mi, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó fi oyin sí i. Mo mu ún, ó tù mí lára díẹ̀, nígbà tó yá ó tún padà. Ó ra oògùn oníhóró ní kẹ́mísì, mo lò ó tán, kò gbọ́. Ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Bí mo bá fẹ́ kéwú, ohùn á jáde díẹ̀, á gé, á wá ku afẹ́fẹ́ lásán. N kò lè bá ìyá mi lọ sọ́jà mọ́, nítorí pé èmi ni mo máa ń pe oníbàárà. Ní ilé ìwé, bí olùkọ́ bá ní kí n dìde kàwé, àwọn ọmọ á máa fara wé mi bí àkùkọ tí wọ́n fún lọ́rùn. Áàfà wa á gbọ́ mi, á mí kanlẹ̀, á ní kí n lọ jókòó.

Nígbà tó yá, itọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀jẹ̀ wá. Kò pọ̀, ó dà bí òwú pupa nínú rẹ̀. Wọ́n fún mi ní agolo kan tí wọ́n da eérú sí, pé inú rẹ̀ ni kí n máa tu ú sí. Ibikíbi tí mo bá ń lọ, agolo náà ń bá mi lọ. Eérú náà á ti dì, á ti dúdú, eṣinṣin á bà lé e, èmi fúnra mi ni mo sì gbọ́dọ̀ dà á nù láràárọ̀. Ẹnu mi wá ń rùn. Kì í ṣe òórùn ẹnu tí ènìyàn kò fọ̀ o. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti páànù ìpàta ẹran tí oòrùn ti pa. Àbúrò mi tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan láti kékeré ní òun fẹ́ abọ́ tòun lọ́tọ̀. N kò bá a wí. Èmi gan-an, bí ó bá ṣeé ṣe, ǹ bá gba abọ́ kúrò lọ́wọ́ ara mi.

Ẹ mọ bí ilé ayálégbé ṣe rí nígbà náà. Bí ọmọ ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, ọmọ gbogbo ilé ló ń ṣàìsàn. Kò sí yàrá tí kò ní oògùn ọ̀fun. Obìnrin tó wà ní yàrá ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ dé. Ó kán kẹrosíìnì tí a ń dà sí àtùpà sórí ṣúgà, ó ní kí n lá a. Mo lá a. Ẹ má dán irú rẹ̀ wò o, ó lè pa ọmọ. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, mo mu ẹ̀kọ, àtùpà. Mo jẹ tùwó, àtùpà. Mo gùfẹ̀, àtùpà. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe lẹ́yìn ilé wa gbé àdí gbígbóná wá, ó ní kí wọ́n dà á sí mi lẹ́nu kí ó tó tutù. Obìnrin kan tí a kò tilẹ̀ bá jọ gbélé gbé ìgò ìtọ̀ màlúù wá. Ìyá mi gba ìgò náà, ó dúpẹ́, ó tún sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó lọ tán, ó lọ da gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kì í bá ènìyàn jà, kì í sọ pé rárá. Á rẹ́rìn-ín sí ẹ, á sì ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ bí o bá ti yíjú.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin dé láti Ìlọrin nítorí wòlímọ̀ náà. Òun ló tọ́ bàbá mi dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, nítorí náà bí ó bá ti sọ̀rọ̀ nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ parí. Ìyá Ìlọrin ni gbogbo wa ń pè é. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ràn mi. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló kó wa sí wàhálà. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí i, kò tilẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ kó tó fọhùn. Ó ní, “Ta ló fi ọmọ mi sílẹ̀ tó rí báyìí?” Ó ń wo ìyá mi.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti gba ọ̀fun mi lọ́wọ́ gbogbo ilé. Láàárọ̀, kí n tó jẹ ohunkóhun, á pè mí jókòó síwájú rẹ̀. Á fi orógbó sẹ́nu ara rẹ̀, á máa rún un. Eyín rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, nítorí náà kì í tètè kúnná. Aṣáà tó máa ń fi sí ìsàlẹ̀ ètè ti sọ itọ́ rẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Màá máa wo àgbọ̀n rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tu gbogbo rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á pò ó mọ́ oyin, á ní, “La ẹnu, ọkọ mi.” Ẹ̀yin ọmọ, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń fà bí ilá. Màá dijú, màá gbé e mì, á sì dúró sí ibi tó ń dùn mí gan-an, kò ní lọ sísàlẹ̀, kò ní padà sókè. Bí omijé bá bọ́ lójú mi, á ní ìwòsàn ló ń ṣiṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó kan ìka. Á lọ káún kúnná, á fi ìka rẹ̀ tọ́ ọ, á sì ki ìka náà bọ̀ mí lọ́fun títí èékánná rẹ̀ yóò fi máa họ mí. Mo ti rí ohun tí ìka yẹn ṣe láti àárọ̀. Mo ti rí i nínú imú rẹ̀, mo ti rí i lára ẹran tútù, mo ti rí i tó ń fi pa kòkòrò lára ògiri. Bí káún bá ti kàn mí lọ́fun báyìí, nǹkan kan á ta gìrì nínú ibẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan bá tẹ ẹni tó ń sùn lẹ́sẹ̀. Mo sọ fún wọn. Mo fi ohùn kẹ̀lẹ́kẹ̀lẹ́ tó kù fún mi ní, “Nǹkan ń rìn lọ́fun mi.” Ìyá Ìlọrin ní ikọ́ ni. Bàbá mi, tó jókòó ti rédíò rẹ̀, ní, “Ẹ rọra fún un o, ẹ̀gbọ́n mi,” ó sì yí rédíò sókè díẹ̀ kó má baà gbọ́ bí èébì ṣe ń gbé mi. Ìyá mi á yíjú sí ògiri. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé, láti ọjọ́ tí ọ̀fun yìí ti ń dùn mí, nínú gbogbo àwọn tó fi nǹkan sí mi lẹ́nu, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó gbé iná wo inú rẹ̀.

Nígbà tí wòlímọ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan nínú ilé sọ fún Ìyá Ìlọrin pé bélúbélú mi ló gùn jù, ìyẹn ẹran kékeré tó rọ̀ sísàlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n ní bí wọ́n bá gé e, ohùn mi á là bí agogo. Wọ́n ní àwọn wànsámì, àwọn Háúsá tó máa ń fá irun tí wọ́n sì ń dábẹ́, ni wọ́n ń gé e, pé ọ̀kan wà ní àdúgbò Angwan Rogo. Ìyá Ìlọrin kò sọ fún ìyá mi. Ó dúró kí ìyá mi jáde lọ sọ́jà, ó mú mi lọ́wọ́, ó ní a fẹ́ lọ ra súyà. Súyà! Èmi tí n kò lè gbé omi mì!

Abẹ́ ìbòòji iwájú ilé rẹ̀ ni wànsámì náà ń jókòó sí. Obìnrin kan àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ló ṣáájú wa. Mo rí i bí ó ṣe la ẹnu ọmọ náà, mo rí irin tó tẹ̀ lórí bí ìwọ̀, mo gbọ́ igbe ọmọ náà tó ṣàdédé di híhó nínú omi. Ó gbé ẹran kékeré kan lé orí ìwé, kò ju èso ata lọ. Lẹ́yìn náà ó bọ irin rẹ̀ nínú igbá omi kan, ó sì nù ún mọ́ orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Omi inú igbá náà pọ́n bíi zobo. Irun tó fá lórí àwọn ènìyàn láàárọ̀ ń léfòó lórí rẹ̀. Ó gbé irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yíjú sí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Sannunku da zuwa,” ẹ káàbọ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ó tún béèrè pé, “Ina mahaifiyarta?”

Ìyá Ìlọrin kò gbọ́ Háúsá rárá. Ó ní, “Kí ló wí?”

Mo ní, “Ó ní níbo ni ìyá mi wà.”

“Sọ fún un pé èmi ni mo tọ́ bàbá rẹ dàgbà.”

N kò sọ ìyẹn. Mo sọ fún un pé, “Tana kasuwa,” ó wà lọ́jà. Ó wò mí, ó wo Ìyá Ìlọrin, ó dà bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìlọrin ti jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó ti fa orí mi sáàárín itan rẹ̀, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di àgbọ̀n mi mú. Bí arúgbó bá ti jókòó báyẹn, ta ni yóò ní kó dìde? Wànsámì náà gbé irin rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ahọ́n mi sílẹ̀. Mo tọ́ ọṣẹ ìfárí wò lára ìka rẹ̀, mo tọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn wò, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Gbogbo ohun tí wọ́n ti fi sí mi nínú láti ọjọ́ yìí ló gòkè wá. Orógbó, àdí, káún, ẹ̀kọ, gbogbo rẹ̀. Ó ta sí ọkùnrin náà láyà, ó kún igbá rẹ̀, ó bo àwọn irin tó tò sórí ẹní. Ẹ̀jẹ̀ dúdú wà nínú rẹ̀, ó ti dì bí ẹ̀dọ̀. Ọkùnrin náà fò sókè, ó ń gbọn aṣọ rẹ̀, ó ń pariwo, “Haba! Haba! Ku tafi da ita!” Ẹ gbé e lọ, ẹ gbé e lọ. Kò sí ohun tí Ìyá Ìlọrin bẹ̀ ẹ́ tó gbọ́. N kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ èébì rí láyé mi, àfi ọjọ́ yẹn.

Obìnrin kan nínú ilé ti ránṣẹ́ sí ìyá mi lọ́jà. Nígbà tí a dé, ìyá mi dúró ní ẹnu ọ̀nà, gèlè rẹ̀ ti tú sí èjìká. Ó wo aṣọ mi, ó gbọ́ òórùn mi, ó fi ọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀n mi. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Ìlọrin bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ lójoojúmọ́.

“Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Níbo lẹ mú un lọ?”

“Ibi tí yóò ti sàn ni. Ó fi èébì ba gbogbo ohun ọkùnrin náà jẹ́. Lọ́la a ó padà lọ.”

“Ẹ kò ní padà lọ, Ìyá.”

Obìnrin tó ń gúnyán nínú ọgbà gbé ọmọ odó dúró sókè. Ìyá Ìlọrin ní, “Ìyàwó, èmi lò ń dá lóhùn?”

“Ẹ̀yin ni, mà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ní kí n kó ẹrù mi lónìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní wọ ẹnu ọmọ mi mọ́, títí a ó fi mọ ohun tó wà níbẹ̀.”

Ìyá Ìlọrin yíjú sí bàbá mi tó ti jáde sí ẹnu yàrá. “O ń gbọ́ ìyàwó rẹ?”

Bàbá mi ní, “Ìyá ọmọ yìí, bẹ ẹ̀gbọ́n mi.”

Ìyá mi ní, “Mo ti ń bẹ̀ wọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé.” Ó dìde, ó gbé mi, bí mo ṣe tóbi tó yẹn, ó gbé mi wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò sunkún. Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà. Ẹ̀rù bà mí, nítorí n kò rí ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní apá Vom. Bàbá mi ní kí a dúró kí wòlímọ̀ kọjá. Ìyá mi dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé kí ó bá òun kí àwọn àlejò tó bá tètè dé. Dókítà tó pè wá wọlé, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, kò béèrè oògùn tí a ti lò. Ó mú mi jókòó sórí àga, ó so iná kékeré kan mọ́ iwájú orí, ó ní, “Bude baki,” la ẹnu. Ó fi irin pẹlẹbẹ tẹ ahọ́n mi. Lẹ́yìn náà, kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń wò. Ó ń wò títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Kò sí ẹni tó tíì wò mí bẹ́ẹ̀ rí.

“Kai,” ó wí jẹ́jẹ́. Ó pe ìyá mi kó wá wò ó.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó wò. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe yí padà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sáré jáde, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń bì lẹ́yìn fèrèsé.

Eṣúṣú ni. Eṣúṣú, ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó máa ń lẹ̀ mọ́ màlúù lẹ́nu bó bá mu omi adágún. Ó wà lẹ́yìn bélúbélú mi, ó ti fi ẹnu lẹ̀ mọ́ mi lọ́fun, ó ń mu mí. Dókítà náà fín nǹkan kan sí mi lọ́fun tó sọ ibẹ̀ di igi, ó ní, “Kada ki motsa,” kí n má mira. Ó ki ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé. Mo mọ ìgbà tó mú un. Ó ń fà, nǹkan náà kò fẹ́ tú, ó ń gùn sí i bíi rọ́bà, mo ń gbọ́ bó ṣe ń yọ̀ lórí ahọ́n mi. Nígbà tó já, ó sọ ọ́ sínú àwo irin. Ó dún pọ̀. Ó dúdú, ó ń dán, ó sanra tó ìka ìyá mi, ẹ̀jẹ̀ mi ló mú un sanra bẹ́ẹ̀. Ó tún ń rìn kiri nínú àwo náà, ó ń wá ibi tí yóò tún lẹ̀ mọ́.

Mo jókòó, mò ń wò ó. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé gbogbo oúnjẹ tí mo ti jẹ, ara rẹ̀ ló kọjá. Gbogbo kéwú tí mo gbìyànjú láti ké, ó wà níbẹ̀, ó ń gbọ́. N kò lè sunkún. Mo kàn fẹ́ bọ́ awọ ara mi sílẹ̀ kí n fi í síbẹ̀, kí n máa lọ.

Dókítà béèrè omi tí a ń mu. Ìyá mi sọ fún un. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, bí kànga ilé wa bá gbẹ, inú kòtò ńlá tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń pọnmi. Màlúù ń mu níbẹ̀, àwa náà ń bù ú mu, ọmọdé àti àgbà. Dókítà ní bí eṣúṣú bá ṣì kéré, kò ju fọ́nrán òwú lọ, ènìyàn kò lè rí i nínú omi. Ó ní kí a máa fi aṣọ sẹ́ omi, kí a sì máa sè é. Ìyá mi ní kí ó bá òun fi nǹkan náà sínú ìgò.

Ó gbé ìgò náà délé. Ó gbé e síwájú Ìyá Ìlọrin. Ìyá Ìlọrin wò ó, ó fà sẹ́yìn, ó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àga. Ó ké “Subuhánálláhì!” Mo rò pé yóò bẹ ìyá mi. Mo dúró kí n lè gbọ́ ọ. Ẹ ò ní mọ ohun tó sọ. Nígbà tí àwọn ará ilé pé jọ láti wo ìgò náà, ó ti mí dáadáa, ó ń ṣàlàyé fún wọn pé orógbó òun ló lé e kúrò ní ibi tó sá pamọ́ sí, pé bí kò bá jẹ́ ti káún òun, dókítà kankan kì bá rí i. Wọ́n ń mi orí. Obìnrin oníkẹrosíìnì náà ní òun kúkú ti mọ̀ pé kòkòrò ni. Bàbá mi ní, “Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹ̀gbọ́n mi.” Eṣúṣú yẹn rí mi lára o, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà rí mi lára jù ú lọ. Mo wo ìyá mi. Ó ń sẹ́ omi. Ó na aṣọ funfun sẹ́nu ìkòkò, ó ń rọra da omi sí i, kò gbé ojú sókè.

Wòlímọ̀ dé, ohùn mi kò tíì padà. Ọmọbìnrin mìíràn ló kọ́kọ́ kà, ó sì kà á dáadáa. Mo jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi nínú aṣọ funfun mi, ètè mi ń mì, nǹkan kan kò jáde. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran wá, n kò lè jẹ ẹ́. Ìyá mi wà ní ìlà àwọn obìnrin. Ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ké èyí tó dùn jù níbẹ̀. Ohùn mi padà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, n kì í mu omi inú ife tí n kò bá rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ayé ti yí padà. Omi inú ọ̀rá lẹ̀yin ń mu, ẹ ó fi eyín já a, ẹ ó sì sọ ọ̀rá náà sílẹ̀. Ẹ lọ wo kòtò omi wa lónìí, ìdọ̀tí ló kún un, kò sí màlúù tó lè mu níbẹ̀ mọ́. Àwọn oògùn ilé ayálégbé ti kó wọnú fóònù. Ẹni tí n kò mọ̀ rí á fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ pé kí n po èyí mọ́ èyí, kí n fún ọmọ mu, kí n sì fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá. Àwọn ìyàwó òde òní kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn náà kì í dùn mọ́ mi nínú nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ tí ìyá kan gbé ohùn sókè sí àgbà nítorí ọmọ rẹ̀, n kì í bá a wí.

Ní ọyẹ́ tó kọjá yìí, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọ̀kan nínú yín, kò sì lọ bọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Gbogbo ilé pé jọ, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo rí ojú wọn bó ṣe ń dúró de ohun tí màá sọ, mo mọ̀ pé ohunkóhun tí mo bá sọ ni wọn yóò ṣe, ó sì dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Bí mo ṣe mọ̀ pé ó ń dùn mọ́ mi ni mo rántí Ìyá Ìlọrin. Mo ní, “N kò mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti wò ó.” Ojú wọn fà ro, wọ́n rò pé ọgbọ́n ti ń tán lára mi. Wọ́n gbé e jáde, ọkọ̀ wọn lọ. Mo wà lórí àga mi, arúgbó tí kò mọ nǹkan kan, ọkàn mi sì balẹ̀.